Ọdún Mẹ́ta Ni Mo Sọ

Ọdún mẹ́ta ni mo sọ fún ìyá mi. Mo tilẹ̀ fi ìka kà á fún un: ọdún kìíní fún kí n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀, ọdún kejì fún ẹ̀kọ́, ọdún kẹta fún ìdánwò, mo ti padà dé. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Kemta, l'Ábẹ́òkúta, la wà lọ́jọ́ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìkòkò aró rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú títí dé ìgúnpá, Kúdírátù ọmọ mi sì ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta ni. Àwọn sójà ń múra láti gbé ìjọba fún alágbádá nígbà náà, owó wà nílùú, ó sì dà bí ẹni pé kò sí ohun tí ọwọ́ ò lè tó.

Ìyá mi kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó ní, "Ìyá Kúdí, bó o bá fẹ́ lọ, máa lọ. Èmi ni mo tọ́ ọ, n óò tọ́ tìrẹ náà. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó pẹ́."

Mo ní kò ní pẹ́. Ọdún mẹ́wàá ni mo lò.

Kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo wá lọ. Láti kékeré ni mo ti máa ń jókòó ti ìyá mi bó bá ń pa aṣọ láró. Bí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò, kì í dúdú. Àwọ̀ ewé tó ń pọ́n bọ̀ ló máa ń ní. Ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i díẹ̀ ló tó máa ń yí padà lójú wa, títí yóò fi di aró tí gbogbo ayé mọ̀. Mo bi ìyá mi pé kí ló fà á. Ó ní bí aró ṣe ń ṣe nìyẹn. Mo bi tíṣà wa níléèwé, ó ní kò sí nínú ìwé tí òun kà. Mo dàgbà, mo di tíṣà sáyẹ́ǹsì fúnra mi, mo lọ́kọ, mo bímọ, ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ọkọ mi, tó máa ń wa ọkọ̀ láti Kuto lọ sí Ṣàgámù, nìkan ló ń fara balẹ̀ gbọ́ mi bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ọkọ̀ rẹ̀ gbókìtì lẹ́bàá Kọ́bapẹ́ nígbà tí Kúdí ṣì ń mu ọmú.

Lẹ́yìn tí mo ṣe opó tán ni ìwé dé pé ìjọba yóò rán mi lọ kọ́ ìmọ̀ aró àti aṣọ ní Bradford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ẹbí ọkọ mi ní àwọn ò tíì rí abiyamọ tó fi ọmọ ọdún mẹ́ta sílẹ̀ lọ wá ìdí tí aró fi ń dúdú. Mo lọ bẹ́ẹ̀ náà.

Ohun tó kọ́kọ́ bá mi lójijì níbẹ̀ kì í ṣe òtútù, nítorí wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi kí n tó kúrò nílé. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Mo gba yàrá kan lókè ilé ìyá àgbà kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní mo sọ̀kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó sáré gbá mi lápá mú, ó rò pé mo ṣubú ni, ó ní kí n rọra. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ láti kí àgbà lórí ìdúró, ó sì tó oṣù mẹ́ta kí orúnkún mi tó gbà. Ní Kemta, láti ẹnu ọ̀nà ilé wa dé ojú títì, n óò ti kí tó ogún èèyàn: ẹ kú òwúrọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó ọjọ́sí, ẹ kú ilé. Kí n tó dé ibi tí mò ń lọ, gbogbo àdúgbò á ti mọ̀ bí mo ṣe jí. Ní Bradford, mo lè rìn láti ilé dé ilé-ẹ̀kọ́ láìsí ẹnì kan tó máa lè jẹ́rìí pé mo kọjá.

Oṣù kejì ni olùkọ́ wa kan kọ ìdáhùn ìbéèrè mi sára pátákó. Ó ní nínú ìkòkò aró, kò sí atẹ́gùn. Aró á yọ́ sínú omi, àwọ̀ rẹ̀ á sì sá pamọ́. Bí a bá fa aṣọ jáde, tí atẹ́gùn bá kàn án, àwọ̀ náà á padà wá, kò sì ní lè yọ́ mọ́. Kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lórí rẹ̀. Àwọn tó kù ń kọ ọ́ sínú ìwé wọn bí ẹni tó ń kọ ohun tó fẹ́ rà lọ́jà. Èmi kò lè kọ nǹkan kan. Ohun tí mo ti ń wá láti ọmọ ọdún mẹ́jọ nìyẹn. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sí ẹni tí mo lè gbá lápá pé, "O ò gbọ́ nǹkan?"

Bó bá jẹ́ pé ìyẹn nìkan ni mo wá wá, ǹ bá ti palẹ̀ ẹrù mi mọ́ lọ́sẹ̀ náà, Kúdí kò sì ní tíì gbàgbé ojú mi. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà bí ìbéèrè mìíràn, ìyẹn tún bí òmíràn. N kò ní parọ́ fún yín, inú mi ń dùn. Bí mo bá wọ yàrá ìwádìí láàárọ̀, tí mo wọ ẹ̀wù funfun, tí mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń hó nínú ìgò, mo máa ń gbàgbé pé ẹnikẹ́ni wà ní Kemta. Ìrọ̀lẹ́, bí mo bá dé yàrá mi, ni gbogbo wọn máa ń dé bá mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ọjọ́ tẹlifóònù. Ìyá mi kò ní tẹlifóònù. Alhaji kan tó máa ń ra aṣọ àdìrẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ní in ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kuto. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, ìyá mi á fa Kúdí lọ́wọ́, wọ́n á lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì Alhaji, wọ́n á máa retí. Èmi náà á wà nínú àpótí tẹlifóònù pupa tó wà ní ìkóríta wa, n óò máa yí nọ́ńbà. Nígbà mìíràn n óò yí i títí ìka á fi máa ro mí kó tó wọlé. Nígbà mìíràn kò ní wọlé rárá, n óò sì mọ̀ pé wọ́n jókòó síbẹ̀ títí Alhaji fi ti ṣọ́ọ̀bù, pé wọ́n ti jọ rìn padà sí Kemta, kálukú pẹ̀lú ohun tó fẹ́ sọ fún mi lẹ́nu.

Bó bá wọlé, ìyá mi á máa pariwo bí ẹni tó ń pe ará òdìkejì odò. Èsì kan ló ní fún gbogbo ohun tí mo bá bi í: àlàáfíà ni. Lẹ́yìn náà á gbé e fún Kúdí. Lọ́dún kìíní, ẹkún ni Kúdí máa ń sun bó bá gbọ́ ohùn mi. Lọ́dún kejì kò sunkún mọ́. Á dákẹ́, n óò máa gbọ́ bó ṣe ń mí. Nígbà tó di ọdún kẹta, ó ti mọ̀ ọ́n sọ geere. Alhaji ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn pàtàkì sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Ṣé dáadáa lẹ wà, mà?"

Mo ní, "Kúdí, má pè mí ní mà. Èmi ni ìyá rẹ."

Ó ní, "Ó dáa, mà."

Ọdún yẹn gan-an ni mo parí ohun tí wọ́n rán mi wá ṣe. Àwọn olùkọ́ mi ní kí n dúró gba oyè kejì, pé ojú mi mú, pé irú mi kò pọ̀. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi lórí tẹlifóònù, kò pariwo rárá lọ́tẹ̀ yìí. Ó bi mí bóyá ó pọn dandan. Mo ní ọdún méjì péré ni. Ó ní kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí i. Kí ọdún méjì náà tó pé, sójà tún ti gbàjọba nílé, owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa dáwọ́ dúró, n kò sì ní ohun tí n óò fi wọ ọkọ̀ òfuurufú. Bí mo ṣe di òṣìṣẹ́ ilé ìfọṣọ ní ilé ìwòsàn kan nìyẹn.

Iṣẹ́ aṣọ ibùsùn kíká ni wọ́n fún mi. Ẹni méjì ló ń ká a. Ẹnìkejì mi ni Násírìn, obìnrin Pakísítánì kan tó ti ju ogójì ọdún lọ. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tó nǹkan, èmi kò sì gbọ́ èdè rẹ̀. Àsàlámù àléékún ni ọ̀rọ̀ tí a jọ mọ̀, pẹ̀lú bísímílláhì. Yóò di igun aṣọ méjì mú, èmi náà á di méjì mú, a óò nà án, a óò rìn pàdé ara wa, a óò tún pínyà. Báyìí la ṣe ń ṣe láti àárọ̀ di ọ̀sán. Kò sí ẹni tó sún mọ́ mi tó o nílẹ̀ yẹn láàárín ọdún méjì tí mo fi ṣe iṣẹ́ náà.

Nígbà tí Iléyá dé, ibi iṣẹ́ ni mo wà. N kò kírun yídì, n kò wọ aṣọ tuntun, n kò tilẹ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọdún ni. Ní àsìkò ìsinmi, Násírìn wọlé pẹ̀lú ìkòkò ìrẹsì àti ẹran tí ó fi aṣọ inura wé kó má baà tutù. Òun kò níṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó kúrò láàárín àwọn ọmọ rẹ̀ ni, ó wọ bọ́ọ̀sì wá. A jókòó sórí àpò aṣọ tí a kò tíì fọ̀, a jẹun. Ó fi ọwọ́ bi mí bóyá mo bímọ. Mo ní ẹyọ kan, obìnrin. Ó ní báwo ló ṣe ga tó. Mo gbé ọwọ́ kúrò nílẹ̀ láti fi hàn án, mo gbé e dé orúnkún, mo gbé e dé ìbàdí, mo tún gbé e sókè díẹ̀. Ọwọ́ mi dúró lófuurufú. N kò mọ ibi tó yẹ kí n gbé e dúró sí. Násírìn mú ọwọ́ náà, ó fà á wálẹ̀ rọra, ó sì fi ẹran sí i.

Lọ́dún keje mo ríṣẹ́ gidi. Ilé iṣẹ́ aró kan fẹ́ kí n wá máa po àwọ̀ ní yàrá ìwádìí wọn. Irú iṣẹ́ tí mo ti ń fẹ́ láti ìgbà èwe mi ni. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí n kọ́kọ́ lọ mú ọmọ mi wá. Mo ti tọ́jú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀, mo ti tẹ́ ibùsùn kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ tèmi.

Mo bá Kúdí ní ẹnu ọ̀nà wa ní Kemta. Ó ti ga dé èjìká ìyá mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà," ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó sì lọ fi ife àlejò bu omi wá fún mi. Ìyá mi dì mọ́ mi, òórùn aró àti eérú tó wà lára rẹ̀ wọ inú mi lọ, mo sunkún. Kúdí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́, ó ń wò wá tìyanu-tìyanu.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀. Mo dì í nírun, kò sọ pé ó dun òun, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé ó dùn ún. Mo ra bàtà fún un, ó dúpẹ́, ó lọ kó o pamọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà ní yàrá, òun àti ìyá mi ń sá aṣọ ní ẹ̀yìnkùlé. Mo gbọ́ tó bi í pé, "Màmá, kí ni mo ṣe tí ẹ fi fẹ́ kí wọ́n mú mi lọ?"

Ìyá mi sá aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ó wọlé tọ̀ mí wá, ó jókòó sí etí ibùsùn. Ó ní, "Ọmọ rẹ ni. Bó o bá ní kó máa bá ọ lọ, n kò ní dá ọ dúró. Ṣùgbọ́n ẹkún ló máa sun dé ibẹ̀, n kò sì ní sí níbẹ̀ tí n óò rẹ̀ ẹ́. Ìwọ, o ò ṣe dúró?"

Mo ní, "Ìyá, iṣẹ́ ń dúró dè mí."

"Iṣẹ́ wà níbí."

"Kì í ṣe irú rẹ̀."

Kò bínú. Ó ní, "Mo mọ bó ṣe rí. Èmi náà fẹ́ràn iṣẹ́ mi." Ó dìde, ó padà sídìí aṣọ rẹ̀.

Èmi nìkan ni mo padà lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi Kúdí sílẹ̀, mo lè sọ pé n kò mọ bí yóò ṣe rí. Ìgbà kejì, mo mọ̀. Gbogbo àwọn tó ń tù mí nínú máa ń fò ó dá: wọ́n á ní owó ló há mi mọ́lé, wọ́n á ní sójà ni. Fún àkókò kan, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn, èmi ni mo fẹ́ ẹ.

Mo sì gbádùn rẹ̀. Nígbà kan, oníbàárà kan fi ègé aṣọ aláwọ̀ aró ránṣẹ́ pé kí á po irú rẹ̀. Ọ̀gá wa, bàbá arúgbó kan tí kì í sọ̀rọ̀, pò ó fún ọjọ́ mẹ́rin, kò bá a mu. Mo gbé ègé náà lọ sójú fèrèsé, mo wò ó bí ìyá mi ṣe máa ń wò ó, kì í ṣe ní tààrà, ní ẹ̀gbẹ́ ojú. Mo rí i pé ó ní pupa díẹ̀ nínú, díẹ̀ tí ẹ̀rọ wọn kò lè kà. Mo pò ó, ó ṣe rẹ́gí. Ọ̀gá wa wò ó, ó wò mí, ó lọ po tíì fún mi pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn tó ti bá a ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún ní àwọn ò rí irú rẹ̀ rí. Mo rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà bí ẹni tí ilẹ̀ ń gbé. Nígbà tí mo dé, mo jókòó sórí ibùsùn kékeré tí ẹnì kan kò sùn lé rí, mo sì ń wá ẹni tí n óò sọ ọ́ fún.

Ọdún mẹ́wàá ń lọ sópin nígbà tí mo pè ní ọjọ́ Àìkú kan, tí ìyá mi sì ní kí Alhaji jọ̀ọ́ bọ́ síta ná. Mo rò pé òkú ni. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, fún ìgbà kejì láti ọjọ́ tí a ti ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù.

Ó ní, "Kúdí ti di obìnrin láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀rù bà á díẹ̀. Mo ti sọ gbogbo ohun tó yẹ kí ìyá sọ fún un. Mo ní kí n sọ fún ọ kó o lè mọ̀."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá ń wá ọ̀rọ̀ tí ǹ bá sọ fún Kúdí lọ́jọ́ náà, mo máa ń rí i. Ó pọ̀ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń sọ ọ́ fún ọmọ, wọ́n sì ti sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo kọ ìwé pé mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá wa ní ṣé owó ni. Mo ní rárá. Násírìn wá bá mi di ẹrù. A ká aṣọ ibùsùn mi pọ̀, a nà án, a pàdé, ó sì dì mọ́ mi.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì ní Abẹ́òkúta báyìí. Ìgò tí a ní kò tó, iná kì í dúró, ọwọ́ mi sì máa ń yún mi fún yàrá ìwádìí tí mo fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìgbà tí mo wà ní Bradford, Kemta ni mò ń lá lálàá; mo dé Kemta tán, mo máa ń jí láàárọ̀ kí n máa fetí sí òjò wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń rọ̀ sórí òrùlé ìyá àgbà yẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó fẹ́ lọ máa ń bi mí bóyá ó tó ohun tí èèyàn ń fi ilé sílẹ̀ fún. Wọ́n ń fẹ́ kí n ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí mo lọ wá, mo rí i, ó sì dára ju bí mo ṣe rò lọ. Bó bá jẹ́ pé asán ni mo bá níbẹ̀, ì bá rọrùn fún mi. Ǹ bá kábàámọ̀, kó tán síbẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n máa san kò ní jẹ́ tiwọn nìkan, pé kí wọ́n kọ́kọ́ wo ojú ẹni tí yóò bá wọn san án.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti Kúdí fi agbọ̀n kọ̀ọ̀kan gbé aṣọ ìyá mi lọ fún Alhaji ní Kuto. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí mo dé. À ń jẹun pọ̀, ó ti ń jẹ́ kí n bá òun wo iṣẹ́ iléèwé, kò sì pè mí ní mà mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì pè mí ní nǹkan mìíràn. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Alhaji kí Kúdí dáadáa, ó sì bi í pé ta ni èmi.

Kúdí ní, "Màmá mi tó wà lókè òkun ni."

Obìnrin náà kí mi káàbọ̀, ó gbàdúà fún mi, ó wá bi mí pé ìgbà wo ni mò ń padà.

Mo ní, "N kò padà mọ́, mà. Mo ti dé náà nìyẹn."

Kúdí yíjú wò mí bí ẹni tó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Bóyá n kò tilẹ̀ tíì sọ ọ́ létí rẹ̀ rí. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ rù, ó ṣáájú mi gba ọ̀nà ilé, ó ń yára rìn bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ títì, ó dúró kí n lé òun bá, ó sì gba agbọ̀n tèmi náà lọ́wọ́ mi.